Ọwọ́ Tó Wà Létí Àwòrán

Ọwọ́ kan wà nísàlẹ̀, ní igun òsì,
ó di etí apẹ̀rẹ̀ mú.
Kò lórí, kò léjìká,
férémù ti bẹ́ ìyókù sọnù.
Ẹ má wá ojú ẹni tó ni ín kiri.
Èmi ni.

Ọjọ́ Ajé ni, ní Montmartre,
òjò ń kán wínníwínní sórí òkúta títì.
Mo ru aṣọ ibùsùn méjìdínlógójì gòkè
lọ sílé Màdáámù Poulenard,
ilé tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì
ṣùgbọ́n tí òfin ní kó wà ní títì,
kí àwọn ẹni iyì má baà rí lọ́sàn-án
ohun tí wọ́n ń yọ́ wá wò lálẹ́.

Àwọn obìnrin ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.
Sidonie ń ro kọfí tí kò ní ṣúgà,
ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ kan, èkejì wà lásán.
Apolline sùn sórí àga pupa, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.
Azénor, ọmọ etíkun Bretagne,
ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀:
ó ní òun ń rán fìlà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan,
ó ní ọ̀gá òun bẹ̀rù Ọlọ́run.
Ó kà á sí mi létí. Mo ní ó dára.
Kí ni ǹ bá wí?

Ọ̀gbẹ́ni Vauquier jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù,
páálí kan wà lórí itan rẹ̀.
Owó wákàtí méjì ló san;
ìbọ̀wọ́ nìkan ló bọ́.
Ó ń wò bí ẹni tó ń ka owó ẹlòmíràn,
kò rẹ́rìn-ín, kò bú ẹnikẹ́ni,
ó kàn ń wúkọ́, ó ń kùn.

Sidonie yọjú wò ó, ó figbe ta:
"Ṣé ewé ni mí ni?
Kí ló dé tójú mi fi tutù yọ̀yọ̀ báyìí?"
Ó ní, "Iná gáàsì ló kùn ọ́, kì í ṣe èmi."
Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Apolline ta jí,
ó béèrè bóyá dókítà ọlọ́pàá ti dé.
Ẹ̀rín gbẹ.

Èmi náà mọ àwọ̀, bí mi ò tilẹ̀ kun nǹkan rí.
Mo mọ wáìnì, mo mọ ẹ̀jẹ̀,
mo mọ ìpara tí eérú nìkan lè ká lára aṣọ.
Ogún ọdún ni mo fi fọṣọ fún ilé yẹn,
mi ò rí àbàwọ́n ẹkún lára ìrọ̀rí rí.
Gbígbẹ ló ń gbẹ.
Kì í jẹ́rìí.

Sidonie kú sí Saint-Lazare,
ilé ìwòsàn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ níta.
Ti Azénor, mo dé lọ́jọ́ Ajé kan,
wọ́n ti ká ibùsùn rẹ̀ nílẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, èmi náà ò béèrè.
Aṣọ tí mò ń rù wá di mẹ́rìndínlógójì.

Lónìí, ọmọ ọmọ mi Odile sanwó ká wọlé.
Àwòrán náà wà lára ògiri funfun, iná ń tàn sí i.
Ìyálé ilé kan fọwọ́ bo ojú ọmọ rẹ̀.
Ọkùnrin onígò-ojú kan ń ṣàlàyé fáwọn ọ̀rẹ́:
ó ní àwọ̀ ewé yẹn ò lẹ́gbẹ́,
ó ní lẹ́tà yẹn, ìlà funfun kan lásán ni,
ó ní ọwọ́ tó wà létí yẹn,
ayàwòrán kàn fi dí àlàfo ni.

Mo sún mọ́ ọn. Mo gbé ọwọ́ mi sókè,
èyí tí ọṣẹ ti jẹ, tí ìka rẹ̀ ti wọ́,
mo fẹ́ fi wé e.

"Ìyá, ẹ má fọwọ́ kàn án!"
Ẹ̀ṣọ́ ló pariwo bẹ́ẹ̀.
Mo dá ọwọ́ náà padà sápò.
Òjò ti pa aṣọ inú apẹ̀rẹ̀ yẹn lọ́jọ́ náà,
kò sẹ́ni tó lè wò ó kó mọ̀ bó ṣe wúwo tó.